Ẹranko Tí Kò Tíì Dé Tán

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè irú ẹranko tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ránṣẹ́ sí bàbá wa, mi ò mọ ohun tí n óò fi dá onítọ̀hún lóhùn títí di òní. Ara rẹ̀ jọ ti ehoro. Àwọ̀ rẹ̀ ò jọ ti ohunkóhun tí Ọlọ́run dá sínú igbó Òkè-Ògùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí aró, gbogbo ara rẹ̀ sì kún fún àmì tótòtó, funfun àti àwọ̀ ọsàn, tí wọ́n tò pẹ́kípẹ́kí bíi pé ẹnu abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi tò ó. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e jáde nínú páálí nílé mi ní Ìsẹ́yìn, mo gbé e ka orí tábìlì, mo jókòó tì í, mo ń wò ó, òun náà ń wò mí. Ó lójú, ó nímú, ó léyín méjì níwájú. Ṣùgbọ́n kò létí, kò sì nírù. Ihò lásán ló wà níbẹ̀, ihò márùn-ún: mẹ́rin lórí, ọ̀kan ní ìdí.

Mo ní wọ́n ti bà á jẹ́ lọ́nà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí ẹni tó gbé e wá láti Èkó, ẹni ẹlẹ́ni tí kò ṣẹ̀ mí. Èmi nìyẹn. Inú mi máa ń yára bí kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, àwọn ìbejì mi àti àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ilé ìwé lè jẹ́rìí sí i.

Amẹ́ríkà ni ẹ̀gbọ́n mi yìí ń gbé. Ọdún kan ààbọ̀ ló fi jù mí lọ, nítorí náà a kì í fi "ẹ" bá ara wa sọ̀rọ̀, bí ìbejì la ṣe dàgbà. Ó gba ìsinmi, òun àti ọkọ rẹ̀ lọ sí Mẹ́síkò, wọ́n sì dé abúlé kan tó jẹ́ pé igi ni gbogbo ilé ń gbẹ́ níbẹ̀. Baba á gbẹ́ ẹranko, ìyá á kùn ún ní ọ̀dà, àwọn ọmọ á sì máa to àmì tótòtó sí i lára. Ó ní bí òun ṣe rí bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó lábẹ́ igi, tí èérún igi kún itan rẹ̀, ẹsẹ̀ òun kọ̀, òun ò lè lọ mọ́. Bàbá wa ló rí.

Agbẹ́gi ni bàbá wa. Ní àdúgbò wa ní Ṣakí, Bàbá Olódó ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n, nítorí odó ni wọ́n ń gbẹ́ jù, odó àti ọmọ odó, àpótí ìjókòó àti ẹ̀rúkọ́. Àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn máa ń ránṣẹ́ wá gba ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń ju òwú lọ́wọ́ wọn, torí ọ̀kọ̀ bàbá wa dán, kì í fa òwú já. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀, ẹranko ni wọ́n máa ń gbẹ́. Ẹtu, ìjàpá, ọ̀bọ tó ń họ ara. Wọn kì í kùn wọ́n. Wọ́n á fi ewé ìpín ha wọ́n títí wọn óò fi máa dán, wọ́n á wá fi òrí pa wọ́n lára.

Òfin kan ṣoṣo ni bàbá wa ní, gbogbo ilé ló sì mọ̀ ọ́n: igi kan, ère kan. Láti etí dé ìrù, inú ìtì igi kan náà ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti jáde. Bí iṣẹ́ bá ku díẹ̀ kó parí tí etí ẹtu kan bá ṣẹ́, iná ló ń lọ nìyẹn, bó ti wù kó dára tó. Nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo ṣẹ́ ìrù ọ̀bọ kan, mo wá gọ́ọ̀mù, mo lẹ̀ ẹ́ padà. Mo ní mo gbọ́n. Ẹnu ọ̀nà ni bàbá mi dúró sí tí wọ́n ti rí i. Wọn ò nà mí. Wọ́n mú ọ̀bọ náà, wọ́n tì í sábẹ́ ìkòkò ẹ̀wà tí ìyá wa ń sè, wọ́n ní, "Ohun tí igi ò bá bí, a kì í bá a bí i." Mo sunkún títí ẹ̀wà fi jinná. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí ohun tí wọ́n lẹ̀, ara mi máa ń kọ̀ ọ́ bíi pé irọ́ ni wọ́n ń pa fún mi.

Mo ní láti sọ ohun tó wà nílẹ̀ nígbà yẹn kí ọ̀rọ̀ ehoro yìí tó lè yéni. Ìyá wa ti kú ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, bàbá wa sì ń dá gbé. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bàbá wa ń ṣarán. Ó ní òun fẹ́ kó wọn wá sọ́dọ̀ òun. Mo bá a jà lórí fóònù, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Ìdí ni pé bàbá wa ti gbé kẹ́tù kaná láìbu omi sí i, títí ìdí rẹ̀ fi jó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ta jí lójú oorun, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé ìyá yín ò tíì ti oko dé ni?" Mo ní wọ́n ń bọ̀. Mo bọ́ sí ilé ìdáná, mo fi etí aṣọ nu ojú.

Bẹ́ẹ̀, ẹni kan náà yìí kì í ṣi iṣẹ́ kankan ṣe. Wọ́n mọ ẹni tó ní kí àwọn bá òun gbẹ́ odó, wọ́n mọ bí odó náà ṣe gbọ́dọ̀ jìn tó, wọn ò kọ ọ́ síbì kankan. Èwo wá ni kéèyàn gbà gbọ́? Bí mo bá wò wọ́n láàárọ̀, mo máa ń ní kò sóhun tó ṣe wọ́n. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, mo máa ń ní àbúrò mi ló tọ̀nà.

Ohun tó ń ba àbúrò mi lẹ́rù jù ni àáké. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n bá fi àáké gé ọwọ́ ara wọn níbẹ̀ yẹn ńkọ́, ta ló máa mọ̀?" A wá jọ fẹnu kò pé èmi tí mo sún mọ́ wọn jù ni kí n máa ṣọ́ wọn. Bí mo bá tún rí àmì kan sí i, kí n pe òun, òun óò sì wá kó wọn. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ẹnu mi ṣe di ohun tí yóò gbé bàbá mi kúrò nílé ara wọn, tàbí tí yóò fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Olùkọ́ ni mí, mo máa ń fún àwọn ọmọ ní máàkì lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n mi ò rò ó rí pé n óò fún bàbá mi ní máàkì.

Ìgbà yẹn gan-an ni ehoro dé.

Ẹ̀gbọ́n mi ti fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí wasáàpù ṣáájú. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi máa ń gùn bí ìwàásù, á sọ ti oòrùn, á sọ ti ọkọ̀ òfuurufú, á sọ ti oúnjẹ tí wọ́n jẹ tó ta wọ́n lẹ́nu. Mo gbọ́ ìṣẹ́jú méjì, mo pa á. Nígbà tí páálí dé, mo kọ ọ́ sí i pé, "A ti rí i gbà o. Ó dára gan-an. A dúpẹ́." Mi ò sọ fún un pé etí rẹ̀ ti ṣẹ́. Ẹni tó rántí bàbá wa láti òkè òkun, tó fi ẹrù ránṣẹ́, ṣé irú rẹ̀ lèèyàn óò wá sọ fún pé ẹ̀bùn rẹ̀ dé ní àbọ̀ ara? Wọn ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nílé wa. Bí ẹnì kan bá fúnni lóhun kan, inú tó fi fúnni là ń wò, a kì í wo ibi tó ti fọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ mọ́tò láti Ìsẹ́yìn, ó di Ṣakí. Mo gbé ehoro lé itan, nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n tún fọ èyí tó kù. Kí a tó kọjá Ọ̀tu, gbogbo mọ́tò ti dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Dírẹ́bà ní ológbò òyìnbó ni. Ìyá kan tó gbé irú dání ní, "Ehoro ni, ẹ wo ètè rẹ̀." Ọkùnrin kan tó jókòó tì mí béèrè pé kí ló dé tí mo fi gé etí rẹ̀. Mo ní èmi kọ́. Ó rọra sún díẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tí a dé Àgọ́-Àrẹ, ó sọ̀kalẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ibẹ̀ ló ń lọ tẹ́lẹ̀.

Bàbá wa ò wo àwọ̀ ehoro náà rárá. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nìyẹn, nítorí àwọ̀ yẹn ni ojú gbogbo ènìyàn ń lọ sí. Wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n fi èékánná họ ọ́ níkùn. Wọ́n sọ ọ́ sókè díẹ̀, wọ́n hán an. "Igi fúyẹ́fúyẹ́ ni," ni wọ́n wí. "Tútù ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Wọn ò jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ sí i." Wọ́n wá ń ti ìka bọ ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ìka náà wá nǹkan nínú rẹ̀, títí mo fi pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Lójijì wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ehoro ni," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n ehoro oníwo ni."

"Bàbá, ehoro kì í níwo."

"Ta ni ò mọ ìyẹn? Etí méjì, ìwo méjì, ìrù kan. Ìyá Ìbejì, ẹranko yìí kò tíì dé tán ni. Ìyókù rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn."

Mo ní, "Ta ló sọ fún yín?"

Wọ́n fi ọwọ́ kan ehoro náà lórí. "Òun náà ni," bàbá mi wí.

Ẹni tó sọ ọ̀bọ mi sínú iná ló jókòó níwájú mi yìí, tó ń sọ pé etí ń dá bọ̀ lọ́nà, ìwo ń dá bọ̀ lọ́nà, ehoro ló sì sọ ọ́ fún àwọn. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé igi kan, ère kan."

"Èmi ni."

"Báwo ni etí ṣe máa wá dá rìn?"

"Báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni," wọ́n dáhùn, wọ́n sì tún ń rẹ́rìn-ín, wọ́n tún ti ìka bọ inú ihò. "Wo ẹnu ihò yìí. Ọ̀dà ò wọlé síbẹ̀. Wo bó ṣe dagun sẹ́yìn."

Mo wò ó. Ihò ni mo rí. Ká ní àjèjì ni mí, ká ní mi ò gbọ́ òfin wọn rí láti kékeré, bóyá ǹ bá rí ohun tí wọ́n ń fi hàn mí. Ṣùgbọ́n ọmọ wọn ni mí. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni mo fi wò wọ́n, ó sì dà bíi pé orí wọn ti dàrú. Mi ò pe àbúrò mi lọ́jọ́ náà. Mo ní kí n fi ọ̀sẹ̀ kan kún un, bóyá wọ́n á gbàgbé.

Wọn ò gbàgbé. Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá tó ń dín dùndún ní ọ̀kánkán ilé wa pè mí. "Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo bàbá yín o. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á gbé àpótí jáde síbi títì. Wọ́n ń dá ọlọ́kadà dúró. Wọ́n ń bi wọ́n pé ṣé wọn ò gbé etí wá."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, fóònù ṣì wà létí mi, ìyá náà ò mọ èyí tí òun ì bá bá mi ṣe nínú méjèèjì. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n.

Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo lọ. Lóòótọ́ ni mo bá wọn lórí àpótí, létí títì, ehoro wà lórí itan wọn. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, erùpẹ̀ pupa ti bò wọ́n dé ìpéǹpéjú, wọ́n sì ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ọlọ́kadà kan dúró. Bàbá mi ní, "Ọmọ mi, o ò gba nǹkan dání fún mi ní gáréèjì? Nǹkan kékeré ni, ó máa wà nínú àpò."

"Kí ni, Bàbá?"

"Etí ehoro mi ni. Òkè òkun ló ti ń bọ̀."

Ọlọ́kadà wo ehoro, ó wo bàbá mi, ó wá wo èmi tí mo dúró lẹ́yìn wọn. Ó kàn fi ìka kan orí ara rẹ̀ díẹ̀, ó sì fi ojú bá mi kẹ́dùn, bí ẹni ń kí ọlọ́fọ̀. Ojú tó fi wò mí yẹn ló parí ẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ojú tì mí. N óò sọ òótọ́: ìtìjú ni, kì í ṣe ìfẹ́. Mo pe àbúrò mi kí n tó wọlé.

Ó gbé mọ́tò rẹ̀ wá lọ́jọ́ Àìkú. Mo ti múra fún ìjà, mo ti to gbogbo ohun tí n óò sọ, ṣùgbọ́n bàbá wa ò bá wa jà. Wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ àbúrò mi tán, wọ́n wá yíjú sí èmi, wọ́n ní, "Kí ni mo ṣe?"

Èmi olùkọ́. Mi ò lè sọ ọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ kàn nílò ìsinmi ni."

Wọ́n ní kí a jẹ́ kí àwọn mú àáké kékeré àti ọ̀bẹ àwọn dání. Àbúrò mi ní kò sí igi ní ilé òun, pèteèsì lókè ni, kí ni wọ́n máa fi àáké ṣe níbẹ̀, ṣé kí wọ́n fi gé ọwọ́ ara wọn ni? Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo di gbogbo irinṣẹ́ náà sínú àpò, mo gbé e lọ sí Ìsẹ́yìn. Bàbá wa tún ní kí a fi ehoro sílẹ̀. "Bí ìyókù rẹ̀ bá dé," wọ́n ní, "níbo ni wọ́n máa wá a sí?" Èmi àti àbúrò mi wo ara wa. A gbé ehoro sínú mọ́tò pẹ̀lú wọn, nítorí a rò pé yóò dá wọn lára yá.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn ìyẹn tí obìnrin kan pè mí láti Èkó. Ó ní láti Amẹ́ríkà ni òun ti dé, ẹ̀gbọ́n mi fi nǹkan rán òun, òun ti fi lé dírẹ́bà kan lọ́wọ́, kí n lọ gbà á ní gáréèjì Ìsẹ́yìn. Agolo bísíkíìtì ni. Mo ṣí i níbẹ̀ níbi tí mo dúró sí, láàárín àwọn tó ń pe èrò. Òwú ló kún inú rẹ̀. Lórí òwú náà ni etí méjì wà, wọ́n gùn, inú wọn pupa, ẹ̀yìn wọn kún fún àmì tótòtó. Ìwo méjì wà níbẹ̀, wọ́n pẹ̀ka bíi ti àgbọ̀nrín. Ìrù kan wà níbẹ̀, kò ju ìka mi lọ.

Mi ò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Ẹnì kan ní, "Ìyá, Òkèhò lẹ ń lọ ni?" mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ mi ò lọ sí Òkèhò.

Nígbà tí mo délé, mo ṣí ohùn ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Oòrùn, ọkọ̀ òfuurufú, oúnjẹ. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kẹsàn-án, ó ní, "Gbọ́ o, mo yọ etí rẹ̀ àti ìwo àti ìrù. Wọ́n kàn fi wọ́n bọ̀ ọ́ ni, wọ́n lè ṣẹ́ nínú ẹrù. Wọ́n ń bọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì. Sọ fún Bàbá kí wọ́n má rò pé ó ti bàjẹ́." Ó wá rẹ́rìn-ín. "Kò tiẹ̀ pọn dandan kí o sọ ọ́. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án, wọ́n á mọ̀."

Mo pe àbúrò mi. Mo rò ó fún un látòkè délẹ̀. Ó ní, "Kẹ́tù ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi? Kẹ́tù ò sí nínú agolo yẹn." Mo bínú sí i, mo pa fóònù. Ṣùgbọ́n ó sọ òótọ́. Kẹ́tù jó. Wọ́n bi mí nípa ìyá wa tó ti kú. Mo jókòó, mo ń gbìyànjú láti yọ ehoro kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà kí n wo ohun tó kù, kò ṣeé yọ. Nígbà mìíràn mo máa ń ní a kó wọn lọ nítorí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń ní ó yẹ ká kó wọn lọ, ìdí tí a fi kó wọn ni kò dáa. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, kò sí èyí tó fara mọ́ra nínú rẹ̀.

Mo gbé agolo náà, mo gbé àpò irinṣẹ́, mo lọ sí Ìbàdàn. Mo ti pinnu pé ilé ni èmi àti bàbá mi jọ ń lọ. Bí wọ́n bá fẹ́, n óò máa lọ sùn ní Ṣakí ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, n óò wá ẹni tí yóò máa gbé ọ̀dọ̀ wọn láàárín ọ̀sẹ̀. Kẹ́tù kì í ṣe ohun tí a kò lè rà ní oníná, irú èyí tó máa ń pa ara rẹ̀.

Mo bá wọn nínú pálọ̀, wọ́n jókòó sórí àga onítìmùtìmù, ọwọ́ wọn méjèèjì wà lórí orúnkún. Ọwọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí. Ó ti mọ́. Kò sí èérún igi lábẹ́ èékánná, àtẹ́lẹwọ́ tó le bí èèpo igi tẹ́lẹ̀ ti ń rọ̀. Ehoro wà lórí tẹlifíṣọ̀n, orí rẹ̀ pá lóló. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mi ò dìde. Mo ṣí ohùn ẹ̀gbọ́n mi sí wọn létí, mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìṣẹ́jú mọ́kànlá náà tán. Nígbà tó dé ibi etí, mo ń wo ojú wọn, mò ń retí ẹ̀rín.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ṣeun," ni wọ́n wí. "Ó ní sùúrù."

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ tọ̀nà. Àwa la ṣì. Ẹ dárí jì mí. Mo ti kó irinṣẹ́ yín wá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Wọ́n mi orí. "Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni, Ìyá Ìbejì."

"Kò ṣe kòńgẹ́, Bàbá. Ẹ rí i. Ẹ fi ìka rí i."

"Mo ti rò ó níbí. Àyè wà láti rò ó. Ẹ̀yin ọmọ mi mẹ́ta, mo rán yín nílé ìwé, kò sí òpè nínú yín. Bí ẹ bá wá wò mí tí ẹ ní mo ń ṣarán, ta ni mo fẹ́ pè lẹ́jọ́? Ẹni tó ń ṣarán kì í mọ̀." Wọ́n wo àpò irinṣẹ́, wọn ò fọwọ́ kàn án. "Kí n wá lọ fi àáké gé ọwọ́ ara mi?"

Wọn ò sọ ọ́ bí ẹni ń bínú. Ká ní ìbínú ni, ǹ bá mọ ohun tí n óò ṣe, mo mọ bí a ṣe ń bẹ ẹni tó ń bínú. Wọ́n gbà á gbọ́. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní kí n dìde, kí orúnkún mi má lọ máa dùn mí.

Mo gbé ehoro sọ̀kalẹ̀. Mo ṣí agolo, mo mú etí kan, mo fi lé wọn lọ́wọ́, nítorí mo rò pé bí igi bá ti kàn wọ́n lọ́wọ́, ọwọ́ náà á rántí. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ lé etí náà láti ìdí dé ṣóńṣó. Wọ́n yí i padà. Wọ́n yẹ ìdí rẹ̀ tó dagun wò. Fún ìṣẹ́jú kan bàbá mi ni mo rí, Bàbá Olódó gan-an, wọ́n ti gbé ehoro náà sún mọ́ra, wọ́n ti fẹ́ fi í bọ̀ ọ́. Ọwọ́ wọn wá dúró. Wọ́n na etí náà sí mi.

"Ìwọ ni kó fi í bọ̀ ọ́," wọ́n ní, "kí n má lọ ṣì í."

Ihò mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀, bákan náà ni gbogbo wọn rí lójú mi. Mo mú ọ̀kan níwájú, mo ti etí náà bọ̀ ọ́. Kò wọlé dáadáa. Mo tì í sí i. Mo rí i tí ìka bàbá mi gbéra kúrò lórí orúnkún, bí ẹni fẹ́ dá mi dúró, ó sì tún padà sílẹ̀.

"Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí, Bàbá?"

Wọ́n wo etí náà níbi tó dagun sí, wọ́n gbé ojú kúrò.

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n," bàbá mi wí.